Ìdérí Ìgò Kan

Aládùúgbò mi ní Ìgbọ̀nà gbé àpò ajílẹ̀ tí òjò ti pa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yìí. Òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì gbé mi padà sí oko Yèyé, ìyá ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Yèyé fún èmi àti Bọ́sẹ̀, àbúrò mi, ní ìlà àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà lókè, tiẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tiẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀, òun náà sì ni Yèyé ń yìn ṣáá. Mo ń jowú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yèyé gbé abọ́ ajílẹ̀ fún àwa méjèèjì.

“Ìdérí ìgò kan péré fún igi kan o!”

Bí Yèyé àti Bọ́sẹ̀ ṣe kẹ̀yìn báyìí, mo da gbogbo ẹ̀ sídìí tèmi, títí kan ìpín Bọ́sẹ̀. Kò pẹ́ ni òjò dé. Láti abẹ́ àtíbàbà, mo rí omi tó ń gbé hóró funfun ajílẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀, sí ìlà Bọ́sẹ̀.

Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, yìnyín!”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwọ̀nba ni gbòǹgbò lè mu. Èyí tó kù, omi ló ni ín.

Nígbà tí àgbàdo gbó, Bọ́sẹ̀ mú èyí tó tóbi jù nínú tiẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán láìdúpẹ́. Ṣebí ajílẹ̀ mi ni.