Aṣọ Funfun Ilé Míṣọ́n

Òórùn káńfọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kí n tó rí ìyàwó rárá. Ọmọ Bọ́láńlé ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣègbéyàwó, ó sì ti yá aṣọ funfun lọ́wọ́ obìnrin kan l'Óṣogbo tó fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ṣe. Bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni òórùn àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí kòkòrò rọ́ sí mi nímú. Àwọn ọ̀dọ́ ń yọ fóònù, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Èmi ń wá ẹni tí mo máa wò lójú kí a jọ rẹ́rìn-ín. Màmá wa nìkan ló wà níbẹ̀ tó lè mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n sì wà níwájú pátápátá, nínú àga onítáyà tí a fi ń tì wọ́n kiri, wọ́n ń wo ọ̀kánkán.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ọ̀dọ̀ yín ni aṣọ yíyá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ní Ẹdẹ, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí nǹkan sì le koko, aṣọ ìyàwó kan ṣoṣo ni gbogbo obìnrin ìjọ wa ń wọ̀, inú àpótí kan ní ilé míṣọ́n ló sì ń gbé.

Ilé míṣọ́n náà wà lọ́nà Sẹ́kọ̀nà. Wọ́n mọ ọgbà yí i ká, ajá kan sì wà nínú ọgbà náà tó ń jẹ sàdíìnì. N ò purọ́. Nígbà yẹn, sójà ló ń tò wá sórí ìlà kí a tó rí agolo mílíìkì kan rà fún ọmọ ọwọ́, ẹni tó bá sì yà kúrò lórí ìlà, wọ́n á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn àna rẹ̀. Owó oṣù tíṣà ò jáde. Búrẹ́dì di ohun tí à ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ajá òyìnbó ń jẹ sàdíìnì nínú àwo tirẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwo náà.

Òyìnbó ajíhìnrere kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Orúkọ wọn gùn, ahọ́n wa ò gbà á, nítorí náà a fún wọn ní tiwa. Ọkùnrin náà ni Àlùfáà Òyìnbó. Ìyàwó rẹ̀ ni Mísìsì Ó-Dára, torí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ dunjú nìyẹn. Ẹ kí i káàárọ̀, ó dára. Ẹ sọ fún un pé ìjì ti ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó dára. Ìyá kan sọ fún un pé ọmọ òun kú, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dára. Kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń bá wa gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́, tọkọtaya yẹn á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á rìn títí dé ẹ̀yìn ìlú, wọ́n á sì padà. Tí àwọn àgbà bá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ, wọ́n á ní àwọn ò lọ síbì kankan. Àwọn ìyá àdúgbò wa gbà pé ilé ló ń lé wọn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn wọn láìjẹ́ pé wọ́n ti dá àkókò fún un. Màmá wa gbé iṣu tuntun lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ní kí Màmá padà wá ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì. Iṣu! Ọmọ méjì ni wọ́n bí, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwé àwọn òyìnbó lókè ọ̀hún kí wọ́n tó pààrọ̀ eyín tán, ìgbà Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń fojú kàn wọ́n. Irú àwọn èèyàn yìí ló wá ń pe àwọn ìyá wa jọ ní gbogbo Ọjọ́rú, pé àwọn fẹ́ kọ́ wọn bí ìdílé ṣe ń gbé pọ̀.

Mo tẹ̀lé Màmá lọ síbi ẹ̀kọ́ náà rí. Mísìsì tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi fọ́ọ̀kì sápá òsì, ó fi ọ̀bẹ sápá ọ̀tún, ó fi síbí sí apá òkè, ó gbé àwo sáàárín. Ó ní báyìí ni ilé onígbàgbọ́ ṣe ń jẹun. Àwọn ìyá tí kò rí gààrí rà lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ń wo àwo náà tìyanu-tìyanu, torí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Àwọn alàgbà ìjọ wa ni. Yorùbá wọ́gọwọ̀gọ tí Àlùfáà Òyìnbó ń sọ, tó ń gbé ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé e sókè, ni àwọn náà wá ń sọ. Ọmọ bíbí Ẹdẹ ni wọ́n o! Wọ́n á dúró síwájú ìjọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti imú. Alàgbà kan wà láàárín wọn tó jẹ́ alápatà, tí gbogbo ọjà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bá ń ná ẹran. Bó bá ti dìde láti gbàdúrà báyìí, ohùn òyìnbó ló máa jáde. Àwa ọmọdé á fi ọwọ́ bo ẹnu, a ò sì ní lè ṣe àmín.

Bàbá wa ò sọ̀rọ̀ láti imú, ṣùgbọ́n ó wù wọ́n láti di díákónì. Káfíńtà ni wọ́n. Gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn ni wọ́n kàn án. Màmá ń ta epo pupa, ojúde wa ni àwọn oníbàárà ti ń wá rà á. Bọ́láńlé ni àkọ́bí wọn, ọkùnrin tó sì fẹ́ ẹ ni Délé, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ìyá Délé ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọmọbìnrin tí wọn ò bá so pọ̀ mọ́ ọmọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ìyàwó. Wọ́n fẹ́ aṣọ funfun, wọ́n sì fẹ́ kéèkì Mísìsì, torí ilé míṣọ́n nìkan ló kù tí fúláwà wà. Bọ́láńlé ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí ọjọ́ náà. Ó ń kọ́ bí ìyàwó ṣe ń rìn pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ìdì ẹ̀fọ́ ló sì ń gbé dání rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ìgbà náà ni Àlùfáà Òyìnbó ránṣẹ́ pe Bàbá àti Màmá, ó ní àwọn méjèèjì ò tíì ṣègbéyàwó.

Ọmọ mẹ́fà ti wà nílé o. Ó ní wọ́n kàn ń gbé pọ̀ lásán ni, torí pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀rọ̀ wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ra, ọkùnrin tó bá sì ń gbé pọ̀ lásán pẹ̀lú obìnrin ò lè mú ọmọ wá síwájú pẹpẹ. Àfi kí ìjọ kọ́kọ́ so àwọn òbí pọ̀. Tí wọ́n bá gbà, oyè díákónì ń dúró de Bàbá. Tí wọn ò bá gbà, kí Bọ́láńlé lọ wá ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ Màmá. Ọmọ ìlú Ara ni wọ́n. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, wọ́n ń bọ òrìṣà, wọn ò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí tí wọ́n fi kú. Lọ́jọ́ tí Màmá ń lọ sílé ọkọ, bàbá wọn ní kí wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n ṣe àdúrà títí ohùn wọn fi há. Wọ́n wá fi ọwọ́ Màmá lé ọwọ́ ìyáálé ilé wa. Nígbà tí wọ́n dé Ẹdẹ, àwọn ìyàwó ilé da omi tútù sí Màmá lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá wọn kú. Àdúrà ọjọ́ yẹn ni ogún tí Màmá jẹ, wọn ò jẹ òmíràn.

Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ Àlùfáà tán, wọ́n padà sílé. Wọ́n wo Bọ́láńlé tó ti sunkún tí ojú rẹ̀ wú, wọ́n ní, "Ó ti tó. A máa ṣe é."

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n dá láti so Bàbá àti Màmá pọ̀, mo tẹ̀lé Màmá lọ sí ilé míṣọ́n. Mísìsì ṣí àpótí, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Kí Màmá tó fọwọ́ kan aṣọ náà, Mísìsì nawọ́ sí bàsíà omi pé kí wọ́n fọ ọwọ́, nítorí epo. Wọ́n fọ̀ ọ́. Ó gbé ọwọ́ wọn sí imú, ó tún nawọ́ sí bàsíà. Obìnrin òyìnbó kan tó gbẹ bí igi ni wọ́n rán aṣọ náà fún, ẹ̀yìn rẹ̀ ò pàdé lára Màmá rárá. Wọ́n fi píìnì há a jọ, wọ́n sì fi ìborùn bò ó. Ìró àti bùbá Màmá wà níbẹ̀ lórí àga nígbà tí a jáde.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí a ń pè ní Bàbá Ara, ni wọ́n pè wá láti fa Màmá lé ọkọ lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Àwọn alàgbà ti kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà pé bí Àlùfáà bá ti béèrè, "Èmi ni" ni kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n sì jókòó.

Àlùfáà béèrè. Ó ní, "Ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?"

Ó tún un béèrè. Bàbá Ara dìde, fìlà wọn lọ́wọ́.

"Bàbá mi ti fi í fún un," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti kú. Ṣé kí n wá gbà á padà lọ́wọ́ òkú ni, kí n tó tún un fi fúnni?"

"Ẹ sáà ní 'Èmi ni', Bàbá!" ni alàgbà alápatà yẹn ké, ohùn ìsọ̀ ẹran ló sì fi ké e. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an níbẹ̀.

Bàbá Ara ò wò ó. Màmá ni wọ́n wò. "Àbúrò mi, ṣé kí n sọ ọ́?"

Màmá dúró síwájú pẹpẹ nínú aṣọ tí kò gbà wọ́n. Wọ́n wo Bọ́láńlé. Wọ́n wá ní, "Ẹ má sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá sọ ọ́, a jẹ́ pé bàbá wa ò fi mí fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n yíjú sí Àlùfáà. "Mo ti lọ́kọ, sà. Òun ló dúró yìí. Ilé rẹ̀ ni mò ń lọ."

Wọ́n sì jáde. Mísìsì tó jókòó sídìí dùùrù mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dára." Ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu.

Ìró àti bùbá Màmá wà nínú ọgbà tí ajá ń ṣọ́, nítorí náà aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ gba títì délé, èmi sì ń sáré tẹ̀lé wọn. Oníbàárà kan láti Sẹ́kọ̀nà ti jókòó sójúde wa pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó wo Màmá láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Bọ́láńlé, ẹ kú ìnáwó o. Ta lẹ wá fẹ́?"

"Bàbá Bọ́láńlé," ni Màmá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo fún un. Nínú aṣọ ìyàwó ilé míṣọ́n ni wọ́n ti wọn epo yẹn, ó ta sí wọn láyà, ó ta sí wọn nítan, wọn ò bojú wò ó.

Bàbá dé lẹ́yìn wa. Wọ́n jókòó lórí pákó tí wọ́n ń fá lọ́wọ́. "O ò sọ fún mi," ni wọ́n wí. Màmá ní, "Ẹ ò bi mí." Mi ò gbọ́ kí wọ́n tún sọ ọ́ mọ́ láyé wọn. Alàgbà alápatà ni wọ́n fi jẹ díákónì.

Màmá fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ náà títí, àmì epo ò lọ. Mísìsì gbà á, ó tú u wò, kò sì sọ pé ó dára. Láti ìgbà náà, ìró àti bùbá tiwọn ni àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa ń wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ.

Bọ́láńlé ló fara gbá a. Àlùfáà ò so òun àti Délé pọ̀. Gbogbo àsìkò òjò yẹn, Bọ́láńlé ò bá Màmá sọ̀rọ̀, kò sì jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá sè. Nígbà tó yá, Délé mú bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹbí wọn wá sílé wa, wọ́n ṣe ìdána láìsí kéèkì, láìsí ohun mímu gidi kan, ìyá rẹ̀ ò sì bá wọn wá. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí a mú Bọ́láńlé dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ó ń sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ìyàwó, inú ló ń bí i. Ìyá Délé jáde láti yàrá, wọ́n gba igbá omi lọ́wọ́ ìyàwó ilé tó gbé e dání, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn da omi sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá Délé náà ti wọ aṣọ funfun yẹn rí, lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ márùn-ún fún ọkọ wọn. Mo rò pé ojú rẹ̀ ti ń tì wọ́n láti ìgbà yẹn.

Àwọn òyìnbó náà kó lọ nígbà tí nǹkan túbọ̀ le. Wọ́n gbé ajá wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti wó ilé míṣọ́n, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà fún ayẹyẹ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọ wa ni àwọn pásítọ̀ ìsinsìnyí, wọ́n gbọ́ Yorùbá ju ó dára lọ, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: pé ohun tí a ṣe nílé kì í ṣe nǹkan kan, àfi èyí tí àwọn bá ṣe. Mo ń wò wọ́n, mo ń rántí ohùn imú yẹn. Ẹni tó ń fi tiwa ṣẹ̀sín ti lọ tipẹ́, àwọn tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kù. Ohun tí wọn ò rí gbà ni àdúrà tí bàbá bá fi ọwọ́ lé ọmọ lórí ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí, pásítọ̀ dúró dáadáa nínú kóòtù rẹ̀, ó béèrè pé ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí. Délé, tó ti fẹ̀yìntì, tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó wo Màmá nínú àga onítáyà wọn, lẹ́yìn náà ó wo pásítọ̀.

"Àná la ti fi í fún un, sà, nílé wa," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ wí. "A kàn mú un wá kí ẹ lè rí i ni."

Bọ́láńlé, tí kò bá Màmá sọ̀rọ̀ fún gbogbo àsìkò òjò kan, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wá ń wo ohun tí pásítọ̀ máa ṣe. Màmá gbé orí sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fi imú sọ ọ́ ketekete:

"Ó dára."