Òkú Tí Páwà Ò Lè Gbé

Ìgbà mẹ́ta ni Bàbá kọ̀ láti jáde nínú kọ̀ǹpútà mi, ìsìnkú wọn sì ku ọ̀la.

Ìwé ètò ìsìnkú ni àwọn ọmọ wọn gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún aráyé láti ìgbà tí orúnkún mi ti ní òun ò bá mi ta ata ní Mile 12 mọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá. Orin ìsìn, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí fọ́tò ńlá Bàbá, èyí tí wọ́n wọ agbádá, tí wọ́n ń wo èèyàn bí ẹni tó bá olè nínú ilé, kọ̀ǹpútà á ní gbì, á kú.

Aunty Fúnkẹ́, àkọ́bí Bàbá, dìde. "Mummy, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Inú Bàbá ò dùn."

Mo ní, "Inú Bàbá kọ́, inú ẹ̀rọ ni."

Kò gbọ́ mi. Ó yíjú sí Délé, àbúrò rẹ̀, tó ń jẹ gúgúrú. "Kí lo ṣe fún Bàbá?"

Délé gbé gúgúrú mì láìjẹ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ta jẹnẹrétọ̀ yín. Ọkọ Aunty Fúnkẹ́ tí gbogbo wa ń fura sí, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Èmi, ìwé ni mo ń rò. Bí kò bá jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé mìíràn ní Ọjọ́ta, ìròyìn pé òkú kọ̀ mí á sì ti ṣáájú mi dé ọjà. Mo ránṣẹ́ sí Síkírù tó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tí a ń pè ní Injinía.

Ó ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó ní páwà ló ń fura sí. Páwà ni àpótí irin kékeré tó ń gba iná wọlé, tó ń pín in fún àwọn ẹ̀yà yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Èmi fúnra mi ni mo ra èyí, torí pé wọ́n kọ 600, iye agbára tó lè gbé, gàdàgbà sí i lára, owó rẹ̀ ò sì wọ́n.

Ó fi mítà tó ń wọn agbára iná kan wáyà yẹ́lò. "Méjìlá ló yẹ kí ibí yìí máa gbé. Ẹ ṣí fọ́tò."

Mo ṣí Bàbá. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó kọjá mọ́kànlá, gbì.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé Mile 12 ló ń lọ, ó wá bọ́ sílẹ̀ ní Kétu."

Injinía rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gbà á, Mummy. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ ò wúwo fún un. Fọ́tò ńlá ni kò lè rù."

"Ṣebí wọ́n kọ 600 sí i?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ò ní bá yín gbé e."

Ó yé mi wàyí. Ní Mile 12, bí alábàárù bá ń lu àyà pé àpò àlùbọ́sà méjì ò tó òun, a kì í bá a jiyàn. A ó gbé e rù ú, a ó ní kó máa rìn, a ó sì máa wo ọrùn rẹ̀. Títí dòní, bí mo ṣe ń yẹ páwà wò nìyẹn. N kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ni yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, kí n fi mítà wo ọrùn rẹ̀.

Injinía gbé tòkunbọ̀ kan wá, 300 ni wọ́n kọ sí i, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

"Ìdajì nọ́ńbà, ìlọ́po méjì owó? Síkírù, ṣé orí mi ṣì pé lójú ẹ?"

"Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó bú mi."

Mo ṣí Bàbá. Méjìlá ò kúrò ní méjìlá. Bàbá jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tagbádá-tagbádá, ìwé náà sì pé kí ilẹ̀ tó ṣú. Páwà àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́pọ̀, mo ti sọ ọ́ nù. Tòkunbọ̀ yẹn ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́.

Délé dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù. "Injinía, ṣé páwà lásán ni? Kì í ṣe Bàbá?"

"Páwà ni, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Aunty Fúnkẹ́ ti gbé fóònù sí Délé lẹ́nu. "Páwà ló bàjẹ́, etí mi ò bàjẹ́. Ọkọ mi ló wà lórí fóònù yìí. Tún un sọ."