Ilẹ̀ Àpòmù Tí Mo Fi Owó Ìfẹ̀yìntì Mi Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí lórí ilẹ̀ Àpòmù, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí n kò rántí dáadáa. N kò rántí bóyá mo pe orúkọ mi.

Lọ́jọ́ tí a ra ilẹ̀ náà, bàbá tí ó jẹ́ olórí ẹbí tí ó tà á ní kí ẹni tí ó rà á pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, kí àwọn ẹlẹ́rìí lè gbọ́. Mo rántí ata inú dòdò tí a rà ní Ìkirè kí a tó gbéra. Mo rántí pé bàtà mi ń fún mi lẹ́sẹ̀. Orúkọ ńkọ́? Ṣé mo pè é, àbí mo dákẹ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí? Mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "A ra ilẹ̀. Oòrùn mú." Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì!

Ẹ̀gbọ́n tí mo ń sọ yìí ni Àǹtí Fọlákẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé nígbà tí mo wà ní girama. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jáde, mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó bójú tó o. Mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí ẹ̀bá títì ní Àpòmù, kí owó ilé máa bọ́ mi lọ́jọ́ alẹ́. Owó mi tó ra ilẹ̀, ó tó gbé ògiri dúró, ṣùgbọ́n kò tó kan òrùlé.

Àǹtí ní kí n fọkàn balẹ̀. Àwọn yóò yá èyí tí ó kù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn, owó ṣọ́ọ̀bù ni a ó sì fi san án. Ìṣòro kan ni pé ẹgbẹ́ ti yí òfin owó yíyá padà. Tẹ́lẹ̀, onídùúró méjì ti tó. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó kọ́lé gbọ́dọ̀ mú ìwé ilẹ̀ wá. Àǹtí ní bí orúkọ ẹni méjì bá wà nínú ìwé náà, ẹgbẹ́ kò ní gbà á. Orúkọ tiwọn nìkan ni a kọ.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé n kò lè ka òfin náà fúnra mi ni? Ẹni tí mo jẹ oúnjẹ wọn dàgbà, ṣé mo lè ní kí wọ́n mú ìwé wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò?

Nígbà tí àwọn ayálégbé wọlé, mo lọ bá Àǹtí nílé wọn ní Ìkirè. Mo kúnlẹ̀, mo rọra béèrè ìpín mi.

"Ìpín kẹ̀? Yétúndé, ṣebí o ràn mí lọ́wọ́ ni, mo sì ti dúpẹ́."

Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, owó ìfẹ̀yìntì mi mà ni!

"Ta ló pe orúkọ lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà? Èmi ni! O dúró bí òpó iná, o ò la ẹnu. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ṣebí gbogbo nǹkan lẹ máa ń kọ sílẹ̀? Lọ mú ibi tí o kọ èyí sí wá!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àgbà ti ń dé sí ọ, àbúrò mi. Ìgbàgbé ni."

Mo sáré lọ sí Àpòmù. Bàbá tí ó ta ilẹ̀ fún wa ti ṣaláìsí. Ọmọ wọn ní ìwé tí àwọn fọwọ́ sí nìkan ni àwọn mọ̀.

Ẹ wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Àǹtí gbọ́! Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń bi ara mi bóyá lóòótọ́ ni mo fi owó náà ta wọ́n lọ́rẹ, tí mo sì gbàgbé. Ta ní ń fi oúnjẹ ọjọ́ ogbó rẹ̀ tọrẹ? Ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn wákàtí ilé ìwé ni mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí kí n tó rí owó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtifẹ̀yìn tì, bí òfin owó yíyá bá yí padà, ẹ fi ojú ara yín kà á. Ẹ má gba ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó tọ́ yín dàgbà. Ìtìjú kò ní bọ́ yín. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Ẹ kọ èyí tí kò dá yín lójú pẹ̀lú; n kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà. Ó ní òfin tuntun gba orúkọ ẹni méjì, bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣáà ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ó ṣí ìwé ìpàdé, ó sì fi ìka tọ́ka sí i fún mi: lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, Àǹtí Fọlákẹ́ fúnra wọn ni wọ́n dìde tí wọ́n kín in lẹ́yìn.