Àwòrán Orí Bàbà Nílé Mẹ́tìrì

Kékeré ni mo ṣì wà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí àwọn ṣójà gbàjọba, tí gbogbo Àjàṣẹ́ wa yìí, tó ti wà lábẹ́ Faransé rí, ń pariwo pé ayé tuntun dé. Àdúgbò Tokpota là ń gbé. Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti wá, aró ló ń rẹ. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló múlé gbè wá; Mẹ́tìrì, bí àwọn Faransé ṣe ń pe olùkọ́, ni gbogbo wa ń pè é.

Mẹ́tìrì ní àwòrán kan tó ti tó igba ọdún: obìnrin tó ń fọṣọ létí odò nílẹ̀ Faransé. Nírọ̀lẹ́, á gbé dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé mi lọ́wọ́, á ní kí n ka ilà tó wà nínú omi. Mi ò kà á tán rí. Ó ní ẹni tó ṣe é fi ìda oyin bo bàbà pẹlẹbẹ, ó fi abẹ́rẹ́ yàwòrán sára ìda náà, ó wá rì í sínú asíìdì, omi tó ń jẹ irin. Ibi tí abẹ́rẹ́ ṣí ni asíìdì jẹ. Ibẹ̀ náà ni yíǹkì dúró sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọlé. Wọ́n ń kó ohun amúnisìn kúrò lára ògiri láti lọ dáná sun ún. Ọ̀kan ti já àwòrán náà bọ́. Mẹ́tìrì kàn jókòó ni. Mo figbe ta, ìyá mi sì sáré dé pẹ̀lú aró lápá.

"Ẹ dúró ná. Ta ló ṣe é, ọba àbí òṣìṣẹ́?"

"Òyìnbó ni, ìyá," olórí wọn dáhùn.

"Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ̀kọ láfún ni mo fi ń bo ibi tí mi ò fẹ́ kí aró mu. Ìda ni tiẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tèmi lẹni yẹn."

Olórí wọn mú dígí, ó wo àwòrán náà pẹ́. "Mẹ́tìrì, ṣé a lè ṣe irú èyí níbí?"

"Ẹ wá bàbà fún mi, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i la ó bẹ̀rẹ̀."

Olórí àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán náà padà sára ògiri. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ìdí ìkòkò bàbà àtijọ́ kan wá láti ìlú Avrankou. Alágbẹ̀dẹ wúrà fún wa ní asíìdì díẹ̀, èmi di abẹ́rẹ́ mú, ẹ̀yìn ṣíbí la fi tẹ ìwé mọ́ ọn. Èyí àkọ́kọ́ dúdú bí èédú! Ìkẹta ló jáde: ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò aró. Ó wò ó títí, ó ní, "Imú mi ò tóbi tó báyìí." Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń fi tẹlifóònù ya ọgọ́rùn-ún àwòrán kí oúnjẹ tó jiná, ẹ ò sì ní wo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Sèmè-Kpodji kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun gbọ́ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sórí bàbà. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo ní kó wọlé, kó fọwọ́, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.