Ìgbà Tí A Lọ Bẹ Ẹ̀jẹ̀ ní Ìkọ̀lé

Ẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ Bàbá Ògúnmọ́dẹdé. Ó ní oko iṣu ní Ayébòdé o, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Tí ìyàwó kan bá kó ẹrù jáde, tí ọba bá bínú sí olóyè, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì ní dìde títí ọ̀rọ̀ yóò fi sú ẹni tó ń bẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ máa ń bá a lọ. Mo kórìíra iṣẹ́ náà, nítorí èmi náà gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀.

Lọ́dún 2003, ọ̀rọ̀ kan Ọmọ́tọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti kú. Ó fẹ́ fẹ́ Kọ́ládé, olùkọ́ kan ní Ìrèlè. A ti jẹ iṣu ìdána tán kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Àlùfáà ní òun ò ní so wọ́n pọ̀.

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ lásán? A óò lọ bẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni àwa àgbà márùn-ún wọ aṣọ òkè, a gbé ogún iṣu àti àgbébọ̀ adìẹ kan, ó di yàrá àyẹ̀wò ní Ìkọ̀lé. Kí Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀, ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, tó gbójú sókè, a ti wà nílẹ̀. Yàrá yẹn kéré, orí mi wọ abẹ́ fíríìjì. Adìẹ fò gun tábìlì.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"A mọ̀," ni Bàbá wí láti ilẹ̀. "Ẹ bá wa sọ fún ẹ̀jẹ̀ ọ̀ún ni, kó tún uṣẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wá. Ó ní inú ara wa lọ́hùn-ún ni ìwé ìlànà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ẹ̀dà kan dára, ìkejì bàjẹ́; lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú èyí tó bàjẹ́. Ọmọ tó bá gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ òbí méjèèjì, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wáyé.

"Kí ló dé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń dáa nígbà tí wọ́n bá bí i?" ni Bàbá bi í.

"Ojú ìwé mìíràn ni ara ń lò nínú oyún, bàbá. Lẹ́yìn ìbí, ara á pa ìyẹn dé, á wá ṣí èyí tó bàjẹ́."

"Èyí tí wọ́n pa dé, ṣé ó ṣì wà nínú ulé?"

"Ó wà. Ó kàn dákẹ́ ni."

"Òun gan-an ló ń bínú! Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ ẹ́!" Ni a bá tún dọ̀bálẹ̀. Mo bú Bàbá nínú mi.

Olúdayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn dókítà náà ń fi oògùn jí i, ó ń dá àwọn kan lóhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo àìsàn náà tán.

"Oṣù mélòó ni ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn fi ń bá ọmọ gbé?"

"Bí oṣù mẹ́fà."

Bàbá dìde nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ká máa lọ sílé.

Ọmọ́tọ́lá ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un. Àgbàlagbà, fún ọmọ! Inú bí mi, mo fà á láṣọ, kò dìde.

"Oṣù méje ni Ẹ̀bùn ọmọ mi fi rẹ́rìn-ín," ló wí. "Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ wú. Wọ́n ní àbíkú ni. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo fi abẹ kọ ọ́ lójú kí n tó sin ín. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má fẹ́ ẹ."

Ọmọ́tọ́lá wólẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó ń pe Kọ́ládé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìrèlè láti sọ fún un pé àwọn ò lè fẹ́ra mọ́.