Tírò Ojú Òsì

Iṣẹ́ ìṣojúlóge ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà, n kì í sì í gba ìsọkúsọ lórí iṣẹ́ mi. Tí oníbàárà bá ní kí n fi búlúù sí ìpénpéjú tí kò gba búlúù, mo lè ní kó máa lọ.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi nígbà tí tírò màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í sì í lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn ní Mọ́kọ́lá láìlé tírò tí wọ́n ń rà ní Sábó. Ti ojú ọ̀tún máa ń gún régé. Ti ojú òsì ló ń yà bàrá sí ẹ̀bátí.

"Màmá, tírò yín ti gba ọ̀nà Challenge lọ o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ yín ò mọṣẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n. Mo rí i pé kò gbọ̀n, àmọ́ mo di ẹ̀bi ru tírò. Mo ra pẹ́ńsù tírò dúdú fún wọn. Ó le, ó ń fa awọ àgbà. Mo gbé aláwọ̀ kọfí wá, torí àṣìṣe kì í tètè hàn lára rẹ̀. Ó hàn. Tírò olómi ló burú jù, ó máa ń gbẹ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Níkẹyìn, mo kọ́ wọn láti fi búrọ́ọ̀ṣì tútù mú àtíkè ìpénpéjú aláwọ̀ eérú, èyí tó rọ̀ jù lọ nínú ọjà mi. Òun náà tún wọ́. Ọdún kan kọjá báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde kan, mo ní kí wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kí n fọwọ́ ara mi lé e.

"Ẹ pa tòsì dé, Màmá, kí ẹ fi tọ̀tún wo gílóòbù yẹn."

"Ṣé wọ́n ti múná wá ni?"

Gílóòbù náà ń tàn yanran lókè dígí, níwájú wọn gan-an.

Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń lé tírò sójú kan, ojú kejì ló fi ń wo dígí. Ojú òsì ni mo ń bá jà ní gbogbo ọdún yẹn. Ojú ọ̀tún ló ń fọ́ lọ.

Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ojú òsì náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó ní ì bá sàn ká ní a tètè wá. Ó wá kọjú sí mi, ó béèrè ìgbà tí a kọ́kọ́ kíyè sí i.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè ka àwọn pẹ́ńsù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí, mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Màmá mi wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n dì í mú.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, dókítà."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé.