Lẹ́tà Òkú Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bajulaiye, tí n kò tíì ga ju tábìlì ìtẹ̀wé bàbá mi lọ, ariwo ẹ̀rọ ló ń jí wa, ẹ̀wà àárọ̀ wa pàápàá a máa rùn kẹrosíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ṣómólú mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi kẹrosíìnì nu àwọn lẹ́tà onígi tí bàbá mi fi ń tẹ̀wé, kí n sì tò wọ́n padà sínú àpótí kí n tó lọ síléèwé. Bí mo bá ti B sí àyè D, ìfọ́tí dájú.

Irú lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ó sanra, ó dúdú, ìdí rẹ̀ sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò táwọn bọ̀dá ìgbà náà fi ń gbálẹ̀. Èèyàn lè kà á láti òdìkejì títì Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ní àgbàlá wa, pósítà ìsìnkú nìkan ni wọ́n ń fi í tẹ̀. Àwọn àgbà atẹ̀wé a máa ní, "Ẹ̀wù òkú ni, alààyè kì í wọ̀ ọ́."

Òun náà ni wọ́n fi tẹ orúkọ bàbá mi nígbà tó kú. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi dé láti Ọ̀yọ́. Ó ní obìnrin kì í dúró nídìí ẹ̀rọ, pé kí ìyá mi padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìlàjẹ lọ máa yan ẹja, kí wọ́n lè ta ẹ̀rọ náà.

Ìyá mi dìde. Ó so ìró rẹ̀ le, ó ní kí n gbé àpótí lẹ́tà òkú wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá bàbá mi to lẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó fi tẹ pósítà orúkọ ara rẹ̀: MOJÍSỌ́LÁ ATẸ̀WÉ. MO WÀ NÍBÍ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn wa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí dé Palmgrove.

Gbogbo àgbàlá figbe ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ìyàwó, ikú lò ń pè yẹn o! O ò ní rí ọdún tuntun."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá wa. Òkú ò wá oníbàárà. Èmi tí mo fẹ́ jẹun ló yẹ kí wọ́n rí orúkọ mi lókèèrè."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbé etí sítòsí imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí, yóò sì gbá mi létí náà. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ wá wòran obìnrin tó tẹ pósítà òkú ara rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá. Ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀rọ náà tà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Irú lẹ́tà yẹn ti wà lára ọ̀rá búrẹ́dì àti páálí ọṣẹ, wọ́n tilẹ̀ ń fi í kọ orúkọ ọmọ ọdún kan sára kéèkì. Oge lásán ni wọ́n pè é. Inú máa ń bí mi, torí wọn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ òkú.

Ìyá mi ṣì wà, ó ń bá mi jà lórí bébà tí mò ń fi ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kú. Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ rẹ̀ gbé iṣẹ́ pósítà ìsìnkú rẹ̀ wá, wọ́n ní kí n fi lẹ́tà ńlá àtijọ́ yẹn tẹ orúkọ rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Alààyè ló ni ín.